Dídà dísìkì server kan kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó jọ ọ́: kí ni kò gbọdọ̀ bá a lọ?

Tíṣà Ìgbógbò (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí ó ní ẹ̀ka ní Ìgbógbò, ní Ìjẹ̀dẹ́, ní Agric àti ní àwọn àdúgbò mìíràn nínú Ìkòròdú. Mo ti ṣètò server kan sí Ìgbógbò lórí Ubuntu 22.04 (oríṣi Linux kan), ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa: òun ni ó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, orí rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ń kó fáìlì sí nípasẹ̀ Samba, Kiwix sì wà lórí rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè ka Wikipedia láìná dátà. Ilé ẹ̀kọ́ ti wá ra kọ̀ǹpútà kékeré márùn-ún sí i láti Computer Village ní Ìkẹjà, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, oríṣi kan náà pẹ̀lú ti Ìgbógbò. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé.

N kò fẹ́ jókòó ti kọ̀ọ̀kan wọn kí n máa tẹ àṣẹ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ibi tí iṣẹ́ bá ti ń sú ènìyàn ni ó ti ń fo ìlà kan. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí n da dísìkì ti Ìgbógbò kọ sórí àwọn márùn-ún. 500GB ni dísìkì náà, ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sì tó 140GB. Kiwix ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Irinṣẹ́ wo ni kí n lò, kí sì ni àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ bá dísìkì lọ sórí ẹ̀dà?

Ẹlẹ́rọ Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ kú làálàá, Tíṣà. Clonezilla ni èmi máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, n kò sì rí ìdí tí ẹ fi ní láti wá òmíràn. Ọ̀fẹ́ ni, orí fláàṣì ni ó ti ń gbéra, kò sí ohun tí ẹ máa fi sórí server fúnra rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó mọ bí ext4 (ti Linux) àti NTFS (ti Windows) ṣe ń to nǹkan sára dísìkì, nítorí náà kìkì ibi tí fáìlì wà ni yóò kà, yóò sì fo ibi tí ó ṣófo. Bí 140GB yín bá ń rìn ní 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni yóò gbà. Ẹ ṣáà rí i pé ihò USB 3.0 ni ẹ ki dísìkì ìta bọ̀, nítorí pé ti USB 2.0 kì í sábà ju 30MB sí 40MB lọ, iṣẹ́ náà á sì gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní device-image. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí ó wà lórí server Ìgbógbò pamọ́ sórí dísìkì ìta, ẹ jẹ́ kí Clonezilla yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé dá padà, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa dà á sórí àwọn márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí dísìkì ẹ̀ka kan bá kú lọ́la, ẹ̀dà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sì pa server kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi fláàṣì gbé e dìde. Ẹni tí ó bá ń da dísìkì kọ nígbà tí àwọn olùkọ́ ń kó fáìlì sórí rẹ̀ lọ́wọ́, apá kan ohun àtijọ́ àti apá kan ohun tuntun ni yóò kó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, n kò lòdì sí Clonezilla, ṣùgbọ́n dd, àṣẹ tí ó ń da dísìkì kọ, ti wà nínú Linux yín tẹ́lẹ̀. Yálà ext4 ni o, yálà ti Windows ni o, kò kàn án. Bí dísìkì ṣe rí gan-an ni yóò gbé e. Ẹ fi fláàṣì Ubuntu gbé kọ̀ǹpútà dìde, ẹ so dísìkì méjèèjì mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ:

sudo dd if=/dev/sda of=/dev/sdb bs=4M conv=fsync status=progress

Èyí tí ó tẹ̀ lé if ni orísun, èyí tí ó tẹ̀ lé of ni yóò gba ẹ̀dà. Ẹni tí ó bá gbé wọn fún ara wọn ti nu server rẹ̀ nù nìyẹn, dd kì í sì í béèrè bóyá ó dá ènìyàn lójú.

Ní ti ohun tí kò gbọdọ̀ bá a lọ, ẹ fi hostnamectl pààrọ̀ orúkọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yí UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) àwọn ìpín dísìkì padà, nítorí pé kò yẹ kí kọ̀ǹpútà méjì ní UUID kan náà. Àdírẹ́sì IP kò ní fa wàhálà, MAC, nọ́ńbà ara káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, ni rúútà fi ń dá wọn mọ̀.

Arábìnrin Àjárá (Àgbádárìgì)

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì IP yẹn ni mo fẹ́ tún ṣe, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀ yóò wá ojútùú tì.

Lóòótọ́ ni pé káàdì kọ̀ọ̀kan ní MAC tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí Ubuntu server láti 18.04, systemd-networkd ni ó ń béèrè àdírẹ́sì, kì í sì í fi MAC júwe ara rẹ̀ àyàfi tí a bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kan tí ó fà yọ láti inú /etc/machine-id ni ó ń fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi cat ṣí fáìlì yẹn, ìlà kan ṣoṣo ni ẹ ó rí, lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 tí ó so pọ̀, ìlà yẹn náà sì ni yóò bá dísìkì lọ sórí gbogbo ẹ̀dà. Bí ẹ bá wá so ẹ̀dà méjì mọ́ rúútà kan, rúútà yóò rò pé kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n, yóò sì fún àwọn méjèèjì ní àdírẹ́sì kan náà. Ohun tí ẹ ó máa rí ni pé bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á já, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi ru wáyà àti switch nígbà tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ti parí gbogbo ìṣètò tí ó ku kí ẹ pa server fún àdàkọ, ẹ tẹ:

sudo truncate -s 0 /etc/machine-id

Ẹ sọ fáìlì náà di òfìfo ni, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ̀dà bá gbéra tí ó bá a lófìfo, yóò ṣẹ̀dá nọ́ńbà tuntun fún ara rẹ̀. Ẹ fi ls -l wo /var/lib/dbus/machine-id pẹ̀lú. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìtọ́ka sí ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ fáìlì gidi tí ó dá dúró, nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, systemd lè wò ó kí ó sì dá nọ́ńbà yẹn padà, gbogbo làálàá yín á wá já sí asán. Lẹ́yìn èyí, server kò gbọdọ̀ gbéra láti orí dísìkì rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi dà á kọ tán. Orí fláàṣì Clonezilla ni kí ó bá lọ tààrà. Bí ó bá fi gbéra nígbà kan ṣoṣo, ó ti ní nọ́ńbà mìíràn, nọ́ńbà yẹn ni yóò sì pín fún gbogbo àwọn ẹ̀dà.

Ohun kejì ni kọ́kọ́rọ́ SSH (ọ̀nà tí a ń gbà wọ server láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn), èyí tí kò sí ẹni tí ó tíì mẹ́nu kàn. Àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ssh_host_ nínú /etc/ssh ni server fi ń jẹ́rìí pé òun ni òun. Bí server mẹ́fà bá ń lo kọ́kọ́rọ́ kan, ẹni tí ó bá jí ọ̀kan gbé ní Ìjẹ̀dẹ́ lè díbọ́n bí èyíkéyìí nínú àwọn márùn-ún yòókù, kọ̀ǹpútà yín kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Ẹ pa wọ́n rẹ́ kí ẹ tó ṣe àdàkọ. Ẹ pa /var/lib/systemd/random-seed náà rẹ́, láti orí fláàṣì lẹ́yìn tí server bá ti kú, nítorí pé server ń kọ ọ́ padà bí ó bá ń kú, kí gbogbo ẹ̀dà má bàa bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ wọn láti orí irúgbìn kan náà.

Ẹlẹ́rọ Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun, Arábìnrin. Ẹ jẹ́ kí n fi ti UUID kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí Ọmọ Ẹ̀pẹ́. Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kan UUID. Inú /etc/fstab (àkójọ àwọn ìpín dísìkì) àti inú ìṣètò GRUB (ètò tí ó ń gbé Linux dìde) ni wọ́n ti kọ UUID ìpín tí server yóò gbéra láti orí rẹ̀. Bí ẹ̀dà bá dé inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pẹ̀lú UUID kan náà, fstab yóò rí ohun tí ó ń wá, gbogbo rẹ̀ á sì lọ geere. Ẹni tí ó bá yí UUID padà tí kò yí fstab àti GRUB pẹ̀lú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní gbéra. Kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìjẹ̀dẹ́ kò mọ UUID tí ó wà ní Agric, kò sì ní ohunkóhun í fi í ṣe.

Ibi kan ṣoṣo tí ó ti lè bàjẹ́ ni bí orísun àti ẹ̀dà bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà tí ẹ sì tún un tan. Ní àkókò yẹn kò sí bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí ó gbéra nínú àwọn méjèèjì, ẹ sì lè máa ṣàtúnṣe sórí orísun pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹ̀dà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá da dísìkì kọ tààrà sórí dísìkì, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ tó tún un tan.

Ní ti dd, ìdí tí n kò fi ní kí Tíṣà lò ó ju ti ìṣẹ́jú lọ. Òótọ́ ni pé 500GB odindi ní 100MB yóò gbà ju ìṣẹ́jú 80 lọ fún dísìkì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé dd ń gbé ibi tí ó ṣófo pẹ̀lú, ibi tí ó ṣófo yẹn gan-an sì ni fáìlì tí àwọn olùkọ́ ti pa rẹ́ ṣì sùn sí. Èsì ìdánwò ọmọ Ìgbógbò kò ní iṣẹ́ kankan ní Ìjẹ̀dẹ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti pa á rẹ́.

Tíṣà Ìgbógbò (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi mìíràn rèé. Àkọ́kọ́, àwọn ẹ̀ka kò ní skríìnì àti kíbọ́ọ̀dù fún server, SSH nìkan ni mo fi ń wọlé. Bí mo bá pa kọ́kọ́rọ́ ssh_host_ rẹ́, báwo ni n ó ṣe wọlé sórí ẹ̀dà? Èkejì, láti ilé ni mo ti ń bójú tó ti Ìgbógbò nípasẹ̀ WireGuard (VPN kan, ọ̀nà àdáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì), mo sì fẹ́ kí ti àwọn yòókù rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìhà tí ó kọjú sí àwọn kọ̀ǹpútà ọmọ ní Ìgbógbò ní àdírẹ́sì tí kì í yí, 192.168.10.1. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan?

Arábìnrin Àjárá (Àgbádárìgì)

Tíṣà, ẹ béèrè ohun tí ó yẹ. Ubuntu kì í dédé ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ SSH mìíràn bí ó bá tún gbéra. Iṣẹ́ SSH kò ní lè bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ kọ iṣẹ́ kékeré kan sínú /etc/systemd/system/kokoro-ssh.service kí ẹ tó ṣe àdàkọ:

[Unit]
ConditionPathExists=!/etc/ssh/ssh_host_ed25519_key
Before=ssh.service

[Service]
Type=oneshot
ExecStart=/usr/bin/ssh-keygen -A

[Install]
WantedBy=multi-user.target

Ẹ fi sudo systemctl enable kokoro-ssh mú un ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀dà bá gbéra tí kò rí kọ́kọ́rọ́, yóò ṣe tuntun. Bí ó bá ti ní, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́ pẹ̀lú skríìnì àti kíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ti WireGuard ni kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ. Kọ́kọ́rọ́ ni WireGuard fi mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, kò ka ibi tí ẹni náà ti ń pè sí. Bí Ìjẹ̀dẹ́ àti Agric bá ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà yín yóò máa dá èsì padà sí. Ẹ ó wọ Ìjẹ̀dẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ Agric ni yóò máa dá yín lóhùn, lẹ́yìn náà á tún já. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú /etc/wireguard pátápátá kí ẹ tó ṣe àdàkọ, kí ẹ wá fi wg genkey ṣe ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Àdírẹ́sì 192.168.10.1 ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dá dúró, ìlànà kan náà ni ẹ ó sì lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ẹ̀ka gbogbo fún àwọn olùkọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó yàtọ̀ ni àdírẹ́sì inú WireGuard.

Alátùn-únṣe Òdógùnyán (Ìkòròdú)

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, orí dísìkì ni ó dá lé. Èmi tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójoojúmọ́ fẹ́ sọ nípa àwọn tí kò sí lórí dísìkì, nítorí pé tòkunbọ̀ tí ó jọra níta lè má jọra nínú.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ dísìkì àwọn márùn-ún wò. Ẹ fi smartctl -a kà á, kí ẹ wo Reallocated_Sector_Ct (iye ibi tí ó bàjẹ́ tí dísìkì ti pààrọ̀) àti Current_Pending_Sector (iye ibi tí kò ṣeé kà dáadáa). Bí Current_Pending bá ju òdo lọ, ẹ má ṣe da nǹkan kan sórí rẹ̀, ẹ gbé e padà fún ẹni tí ó tà á. Ẹ wo iye rẹ̀ pẹ̀lú. Dísìkì tí wọ́n ń pè ní 500GB sábà máa ń ní sector 976,773,168 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ baìtì 512, ṣùgbọ́n SSD tí wọ́n ń pè ní 480GB kò ju 937,703,088 lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti fi SSD 480GB rọ́pò dísìkì àtijọ́, wọn kò sì ka ìyàtọ̀ náà sí. Clonezilla kò ní gbà láti da ti ńlá sórí ti kékeré bí kò ṣe pé ẹ bá fi ipá mú un. Bí ẹ bá bá a bẹ́ẹ̀, ẹ fi GParted dín ìpín ext4 ti Ìgbógbò kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá lo XFS kò ní ànfààní yìí.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ tẹ lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL. Ẹ yí dísìkì dojú dé, ẹ ka nọ́ńbà S/N tí ó wà lára bébà funfun rẹ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tí ó wà lójú skríìnì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. sda àti sdb lè yí ipò padà láàárín ìgbà tí ẹ pa kọ̀ǹpútà àti ìgbà tí ẹ tàn án. S/N kì í yí.

Lẹ́yìn náà, BIOS, ètò inú pátákó kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó gbéra. Ìṣètò BIOS kì í bá dísìkì lọ. Bí ti Ìgbógbò bá wà ní UEFI (ọ̀nà ìgbéra tuntun) tí ẹ̀dà sì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Legacy (ti àtijọ́), kò ní gbéra. Bí wọ́n bá fi SATA (ihò dísìkì) sí RAID dípò AHCI, dísìkì lè má hàn rárá. Orúkọ ubuntu tí ẹ máa ń rí nínú àkójọ ohun tí ó ń gbéra, inú pátákó kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí lórí dísìkì, nítorí náà kọ̀ǹpútà tuntun kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí yóò gbà yín ni fáìlì EFI/BOOT/BOOTX64.EFI, èyí tí UEFI máa ń wá bí kò bá rí orúkọ kankan. Ubuntu sábà máa ń fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín rí i nínú /boot/efi kí ẹ tó ṣe àdàkọ.

Ẹ tún wá ibi tí BIOS ti ń béèrè ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, kí ẹ sọ fún un pé kí ó tan ara rẹ̀. Ẹ̀ka márùn-ún, ibi márùn-ún ni ẹ ó ti ṣe é. Bí ẹ kò bá ṣe é, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí iná bá lọ ní Ìjẹ̀dẹ́ ni wọn yóò pè yín. Ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 inú wọn pẹ̀lú, nítorí pé ti tòkunbọ̀ sábà máa ń ti kú. Bátìrì tí ó kú ń dá aago padà sẹ́yìn, WireGuard kì í sì í gba ìkíni ẹni tí aago rẹ̀ padà sẹ́yìn sí èyí tí ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Olùtọ́jú Yàrá Ìdánwò (Ìtóìkín, Ẹ̀pẹ́)

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìjíròrò yìí. Windows ni èmi ní tèmi, yàrá kọ̀ǹpútà fún ìdánwò. Sysprep, irinṣẹ́ inú Windows, ni wọ́n kọ́ mi pé kí n máa lò kí n tó da dísìkì kọ: sysprep /generalize /oobe /shutdown, kí SID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Windows ń fún kọ̀ǹpútà) má bàa jọra. Ṣé dandan ni?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ SID yẹn ti tán láti ọdún 2009. Mark Russinovich ti Microsoft, ẹni tí ó kọ NewSID (irinṣẹ́ tí ó ń pààrọ̀ SID) fúnra rẹ̀, ló ṣàlàyé pé SID kọ̀ǹpútà tí ó jọra kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì dá NewSID dúró.

Arábìnrin Àjárá (Àgbádárìgì)

Ó ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2025, àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ fún Windows 11 24H2, 25H2 àti Windows Server 2025 ti ń yẹ SID wò, àwọn kọ̀ǹpútà tí SID wọn jọra kò sì lè fi Kerberos tàbí NTLM (ọ̀nà tí Windows fi ń dá ẹni mọ̀) wọlé sọ́dọ̀ ara wọn mọ́. Fáìlì tí wọ́n jọ ń lò lánàá yóò kọ̀ wọ́n lónìí pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tí ó tọ̀nà. Microsoft kò fìgbà kan fọwọ́ sí dídà Windows kọ láìlo Sysprep. Ẹ máa lò ó bí wọ́n ṣe kọ́ yín, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Tọpò (Àgbádárìgì)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ kí Tíṣà ro ó dáadáa bóyá àdàkọ tilẹ̀ ni ó yẹ. Ẹ wo iye ohun tí a ti ní kí ó yọ kúrò: machine-id, kọ́kọ́rọ́ SSH, kọ́kọ́rọ́ WireGuard, random-seed. A kò tíì dárúkọ ìwé àkọsílẹ̀ inú /var/log, orúkọ olùkọ́ tí ó wà nínú Samba, pásíwọ́ọ̀dù tí ènìyàn tẹ̀ sí ojú ìlà tí ó wà nínú .bash_history. Ohun tí ẹ bá rántí ni ẹ ó yọ, èyí tí ẹ kò bá rántí yóò lọ sí ibi márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka orúkọ àti èsì ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé Ubuntu láti 20.04 ní autoinstall: ẹ kọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè sínú fáìlì kan, ó ń fi ara rẹ̀ sórí dísìkì láìsí ẹni tí ó tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, Ansible, irinṣẹ́ tí ó ń ṣètò kọ̀ǹpútà púpọ̀ láti ibì kan, á gba inú SSH wọlé, á fi Samba, dnsmasq (èyí tí ó ń pín àdírẹ́sì) àti Kiwix síbẹ̀ bí ẹ ti kọ ọ́. Kò sí ohun tí ẹ ó yọ, nítorí pé kò sí ohun tí ó wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pè é. Ànfààní tí ó tóbi jù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni pé bí ẹ bá fẹ́ yí ìlà kan padà nínú Samba, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dé ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àdàkọ kò ní ràn yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn.

Tíṣà Ìgbógbò (Ìkòròdú)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n dátà ńkọ́? Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní láti gba gbogbo ohun tí Ubuntu ń béèrè láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ilé ẹ̀kọ́ kò ní gbé e. Sáà sì ti súnmọ́ tòsí.

Ẹ̀gbọ́n Tọpò (Àgbádárìgì)

Ẹ fi apt-cacher-ng sórí server Ìgbógbò. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá gbà sílẹ̀, orí rẹ̀ ni àwọn yòókù ti máa gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ni dátà ń lọ. Fáìlì Kiwix kò ní láti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ fi rsync kó o gba inú wáyà.

Ẹlẹ́rọ Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ̀gbọ́n Tọpò tọ̀nà nípa oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì kọ Ansible rí kò ní kọ́ ọ kí ó sì tún lò ó láàárín àkókò tí ó kù fún Tíṣà. Ohun tí èmi yóò ṣe ni kí n da dísìkì kọ báyìí, kí n sì máa fi Ansible bójú tó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ìsinsìnyí lọ.

Tíṣà, kí ẹ tó pa server fún àdàkọ, ẹ wo crontab yín, àkójọ iṣẹ́ tí cron ń ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò rẹ̀. Bí server Ìgbógbò bá ń fi rsync kó fáìlì lọ síbì kan fún ìpamọ́ lálaalẹ́, gbogbo ẹ̀dà yóò máa kó tiwọn lọ sí ibẹ̀ náà. Bí --delete bá wà nínú àṣẹ yẹn, Ìjẹ̀dẹ́ yóò pa ti Ìgbógbò rẹ́, Agric yóò pa ti Ìjẹ̀dẹ́ rẹ́, ìpamọ́ yín á wá di ti ẹni tí ó dé kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀nà tí fáìlì ń gbà, kí ẹ sì dá cron dúró títí ẹ ó fi pààrọ̀ orúkọ. Ẹ wo netplan (fáìlì ìṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) pẹ̀lú: bí ìlà macaddress bá wà níbẹ̀, MAC ti Ìgbógbò ni, ẹ̀dà kò sì ní rí káàdì tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti dà á tán, ẹ so àwọn márùn-ún mọ́ switch kan ní Ìgbógbò, kí ẹ fi machine-id wọn àti ohun tí ssh-keygen -lf bá sọ (àmì kọ́kọ́rọ́ SSH) wé ara wọn kí wọ́n tó lọ sí ẹ̀ka.

Arábìnrin Àjárá (Àgbádárìgì)

Ẹ má so wọ́n pọ̀ mọ́ switch kan o, Ẹlẹ́rọ. Ẹ rántí pé gbogbo wọn ni ó ń jẹ́ 192.168.10.1, gbogbo wọn ni ó sì ń pín àdírẹ́sì. Márùn-ún tí ó ń pín àdírẹ́sì lórí switch kan yóò da nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìgbógbò rú ní ojú iṣẹ́, àwọn ọmọ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ fi wáyà kan so ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan mọ́ laptop nìkan, ẹ jẹ́ kí ó pín àdírẹ́sì fún laptop náà, ẹ wọlé pẹ̀lú SSH, kí ẹ kọ machine-id àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú S/N dísìkì àti orúkọ ẹ̀ka. SSH lórí laptop yóò pariwo láti ẹ̀dà kejì lọ pé kọ́kọ́rọ́ 192.168.10.1 ti yí padà. Ìròyìn ayọ̀ ni ìyẹn. Ẹ fi ssh-keygen -R 192.168.10.1 yọ ti àtijọ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí tí kò bá pariwo ni kí ẹ dá dúró, kí ẹ sì lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kokoro-ssh.service lórí rẹ̀.